Ibà ni àbí flu? Bí a ṣe lè dá a mọ̀, àti ìgbà tó yẹ ká gba ọsibítù lọ

Ní apá ọ̀dọ̀ wa yìí, láti Kàbbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kogí, orúkọ kan ṣoṣo ni ara gbígbóná ń jẹ́: ibà. Ara ọmọ gbóná, ibà ni. Bàbá ti oko iṣu dé, orí ń fọ́ ọ, gbogbo oríkèé ń ro ó, ibà ni. Ẹni tó ti Àbújá wá síbi òkú, tó ń wúkọ́, tí ojú rẹ̀ pọ́n, ibà náà ni. Oògùn ibà sì wà ní gbogbo kẹ́mísìtì, wọn kì í bi ni ní ìbéèrè kí wọ́n tó tà á. A ó lò ó, ara á yá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, a ó sì máa yin oògùn. Tó bá jẹ́ pé flu ni, a ì bá lò ó, a ì bá má lò ó, ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún yẹn náà ni ara ì bá fi bẹ̀rẹ̀ sí í yá.

Ibà ẹ̀fọn wà lóòótọ́ o. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ibà ẹ̀fọn ti ń pa èèyàn tó ti Nàìjíríà láyé, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé tí a bá ti pè é ní ibà báyìí, ojú wa kì í wo nǹkan mìíràn mọ́. Èmi á wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó ní ibà ni. Èémí á máa há mi, ẹ ó ní ibà náà ló gbóná jù. Ìgbà tí a bá fi máa mọ̀ pé ẹ̀dọ̀fóró ló ti kún, ilẹ̀ ti ṣú, ọkọ̀ ò sì sí.

Flu jẹ́ àìsàn tí fáírọ́ọ̀sì kan ń fà, influenza ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Imú, ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń bá jà. Oríṣi méjì, A àti B, ló ń yí káàkiri láàárín èèyàn lọ́dọọdún. Tí ẹni tó ní in bá wúkọ́ tàbí tó sín, inú ẹ̀kán itọ́ tó ń fò jáde ni fáírọ́ọ̀sì yìí ń bá lọ. Ẹ sáà wo bọ́ọ̀sì tó ń ti Èkó bọ̀ wálé nígbà Kérésì: wọ́n ti ti gbogbo fèrèsé pa nítorí eruku ọyẹ́, ẹnì kan sì ti ń wúkọ́ lórí ìjókòó ẹ̀yìn láti Ìbàdàn. Kí wọ́n tó dé Ọmùò, kí wọ́n tó wọ Kàbbà, ó ti pín in yíká. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́rin ni yóò yọjú lára àwọn tó bá gbà á. Àárín ìgbà yẹn ni onítọ̀hún á délé tayọ̀tayọ̀, á kí ilé, á kí ọ̀nà, "Okun o, okun o," á dì mọ́ ìyá àgbà. Ìyá àgbà ti lè gbà á níbẹ̀, torí pé láti bí ọjọ́ kan kí ara ẹni tó ní flu tó máa dùn ún ló ti lè kó o ran ẹlòmíràn, títí di bí ọjọ́ márùn-ún sí méje lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí ayé kò lè gbàgbé nínú flu ni ti ọdún 1918. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ ojú irin sì gbé e gòkè lọ sí Àríwá. Nígbà náà lọ́hùn-ún, ọkọ̀ ojú irin ló yára jù. Lóde òní, ta ni kò ní ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ wálé?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé àìsàn ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ máa ń mú ọ̀nà ọ̀fun gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n flu kò ní àsìkò kan pàtó ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Ó lè mú èèyàn nínú òjò oṣù keje gẹ́gẹ́ bó ṣe lè mú un ní oṣù kìíní.

Báwo la ṣe ń dá a mọ̀ sí ọ̀fìnkìn lásán? Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ọ̀fìnkìn máa ń yọ́ wọlé ni. Ọ̀fun á kọ́kọ́ máa yún ni díẹ̀díẹ̀, lọ́la a ó máa sín, lọ́tùúnla imú á máa ṣàn, síbẹ̀ a ó ṣì máa lọ sọ́jà, a ó máa jẹun. Flu kì í yọ́ wọlé. Ẹni tó mú lè sọ fún yín pé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ló bẹ̀rẹ̀, pé ara òun le koko láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Òtútù á mú un, á béèrè aṣọ ìbora nínú oòrùn, ara á gbóná, orí á máa fọ́ ọ títí dé ẹ̀yìn ojú. Ẹ̀yìn, itan, apá, gbogbo rẹ̀ á máa ro ó bí ẹni tí wọ́n fi ọmọ odó gún mọ́jú. Ikọ́ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ikọ́ gbígbẹ, ọ̀fun á máa dùn ún, oúnjẹ kò ní wù ú. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé àti dìde lọ sílé ìtọ̀ di iṣẹ́. Tí wọ́n bá ní ọ̀fìnkìn ń mú ẹnì kan, tí kò sì lè dìde lórí ibùsùn, ọ̀fìnkìn kọ́ nìyẹn mọ́.

Ọmọdé lè fi èébì àti ìgbẹ́ gbuuru kún un. Ti àgbàlagbà tún yàtọ̀, òun ló sì máa ń tan ilé jẹ jù: ara wọn lè má gbóná rárá. Ẹ ó kàn rí i pé Bàbá kò jẹun lánàá, kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí, ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ àbúrò rẹ̀. Ilé á ní ogbó ni. Ẹ má tètè sọ pé ogbó ni.

Ìyàtọ̀ flu sí ibà ẹ̀fọn ló nira jù, torí àwọn méjèèjì ló ń mú ara gbóná, tí wọ́n ń mú orí fọ́, tí òtútù sì ń bá wọn rìn. Ohun tó lè ṣí wa lójú díẹ̀ ni imú àti ọ̀fun. Ibà ẹ̀fọn kì í sábà mú imú ṣàn tàbí kó mú ọ̀fun dùn. Tí ikọ́, ọ̀fun dídùn àti ọ̀fìnkìn bá jọ dé pẹ̀lú ara gbígbóná, tí ẹlòmíràn nínú ilé tún ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ flu tàbí COVID. Àwọn méjèèjì jọra débi pé àyẹ̀wò nìkan ló lè pín wọn níyà, ìtọ́jú tí a ó ṣe nílé fún wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi imú nìkan ṣe ìdájọ́. Ibà lè mú ọmọdé kó tún máa wúkọ́, èèyàn kan náà sì lè ní àìsàn méjì pọ̀.

Àyẹ̀wò ibà ni kí ẹ ṣe. Wọ́n á gún ìka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí pẹlẹbẹ kékeré kan, láàárín ogún ìṣẹ́jú èsì ti jáde. Ó wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìlera alábọ́dé, àwọn kẹ́mísìtì kan náà ń ṣe é. Tí ó bá gbé ibà jáde, ẹ lo oògùn ibà náà tán pátápátá. Tí kò bá gbé ibà jáde, ẹ gbà bẹ́ẹ̀, ẹ má ní ẹ̀rọ ló ń parọ́. Ti "ibà pẹ̀lú táífọ́ọ̀dù" tó ti di ìbejì lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Àyẹ̀wò Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá táífọ́ọ̀dù, kan ṣoṣo kò tó láti fi sọ pé táífọ́ọ̀dù wà lára èèyàn. Mo ti rí ibi tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó wọlé tí kò gba méjèèjì jáde, àti ẹni tó kàn fẹsẹ̀ kọ.

A kò lè sọ̀rọ̀ ara gbígbóná ní Kogí ká má dárúkọ ibà Lassa. Òhun ló jẹ́ kí n máa bẹ̀rù ọ̀rọ̀ "á lọ fúnra rẹ̀." Ìpínlẹ̀ wa wà lára àwọn tó máa ń ní in, Oǹdó àti Ẹdó tí a jọ pààlà sì wà lára ibi tó ti ń jà jù ní gbogbo Nàìjíríà. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní ìlú Lassa ní Bọ̀rnó, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ló ń gbé e káàkiri. Ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń kó o sínú oúnjẹ. Ẹ wo ẹ̀bá títì wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: elùbọ́ lọ́tùn-ún, ẹ̀gẹ́ lósì, gbogbo rẹ̀ ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, òmíràn á sùn síbẹ̀. Àkókò yẹn náà ni wọ́n ń sun igbó, tí eku ń sá wọlé. Ẹni tó bá tún ń pa eku jẹ, tó ń fi ọwọ́ lásán bó o, òun fúnra rẹ̀ ló ń pè é.

Ìbẹ̀rẹ̀ Lassa jọ flu, ó jọ ibà. Ara á gbóná, á rẹ èèyàn, orí á fọ́, ọ̀fun á dùn. Ṣùgbọ́n flu máa ń já lu èèyàn lójijì, Lassa a sì máa fẹsẹ̀ rọra wọlé, á máa le sí i lójoojúmọ́. Láti ọjọ́ tí ó wọ ara títí di ìgbà tí yóò fara hàn lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí náà ẹ má ronú ohun tí ẹ jẹ lánàá nìkan. Àyà lè máa dun aláìsàn, á máa bì, ìgbẹ́ gbuuru á wà níbẹ̀, inú á máa dùn ún. Tó bá ti burú, ojú á wú, ẹ̀jẹ̀ á máa yọ ní imú tàbí ní èrìgì. Ó tún lè di etí èèyàn, kó má sì là mọ́.

Ó ní oògùn tí dókítà ń fún ni, àmọ́ tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Nítorí náà, ẹni tó ti ń lo oògùn ibà bó ṣe yẹ fún ọjọ́ méjì gbáko tí ara rẹ̀ kò rọlẹ̀, kó má lọ ra òmíràn, ọsibítù ni kó gbà lọ. Kó sọ níbẹ̀ pé eku wà nílé, tàbí pé òun jẹ eku. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán nu èébì, ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbẹ́ rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti ń ranni. Nọ́ńbà tí NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí dídènà àrùn, ń gbà fún irú ọ̀rọ̀ yìí ni 6232, ọ̀fẹ́ ni.

Ká wá ní flu ni, kò sì sí ohun tó le nínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń nira jù. Ara á rọlẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, ṣùgbọ́n ikọ́ àti àárẹ̀ lè dúró tó ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ẹni náà sinmi, kó sùn, kó máa mu omi, kó mu ògì, kó mu omi ọbẹ̀ gbígbóná. Oyin nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára fún ikọ́, àmọ́ ẹ má fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan ní oyin rárá. Ẹ jẹ́ kó sùn ní yàrá ọ̀tọ̀ tó bá ṣeé ṣe, ẹ ṣí fèrèsé, kó máa fi ìgúnpá bo ẹnu tó bá ń wúkọ́, kí gbogbo ilé máa fi ọṣẹ fọwọ́. Kó má lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí lọ́sẹ̀ yẹn. Ọlọ́run mọ ilé rẹ̀.

Oògùn ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́. Ẹ̀gbọ́n á lọ sí kẹ́mísìtì, á ní, "Ara ń ro mí, mo sì ń wúkọ́." Oníkẹ́mísìtì á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ṣé kí n po ó fún yín?" Á nawọ́ sí ike yìí, á nawọ́ sí tọ̀hún, á ká gbogbo rẹ̀ sínú bébà funfun mẹ́ta: àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀kan wò. Funfun ńlá méjì wà níbẹ̀, parasítámọ́ọ̀lù nìyẹn, ó dára. Kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan wà níbẹ̀, òun ló ń gbẹ imú tó sì ń múni sùn, kí ẹni tó máa gun ọ̀kadà ṣọ́ra. Fítámì C wà níbẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Kápúsù pupa-òun-yẹ́lò ló tẹ̀ lé e, tetracycline ni: bakitéríà ló ń pa, fáírọ́ọ̀sì ló sì ń fa flu, kò sí ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó, ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́jọ kò gbọ́dọ̀ lò ó, ó ń ba eyín wọn jẹ́. Èyí tó kéyìn, kóró kékeré tí wọn kì í dárúkọ, a sábà máa rí i pé oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù ni. Òun ló ń mú kí ara dà bí ẹni pé ó ti yá lọ́jọ́ kejì, kí ebi máa pani, kí gbogbo ìrora lọ, nígbà tó jẹ́ pé ó ń rẹ agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà sílẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni àwọn èèyàn ṣe ń ní oògùn lágbájá "lágbára." Ẹ béèrè orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọn kò bá lè dárúkọ, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Parasítámọ́ọ̀lù náà ní ìwọ̀n. Àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ lò ju ẹyọ mẹ́jọ ti 500 mg lọ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ó rọrùn láti ṣi ìwọ̀n yìí, torí pé ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn tó ní orúkọ mìíràn lára páálí. Èèyàn á lo méjì, á tún lo ti ọ̀fìnkìn, á tún mu olómi sùn, láìmọ̀ pé oògùn kan náà ni. Ẹ̀dọ̀ ló ń jìyà rẹ̀. Ti ọmọdé, bí ó ṣe wúwo sí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ má fún ọmọdé ní aspirin rárá fún flu, ó lè kó bá ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ti àgbo, mi ò ní bú u, torí ilé wa náà la ti bá a. Ṣùgbọ́n àgbo kò ní ìwọ̀n, a kò sì mọ ohun tó máa ṣe pẹ̀lú oògùn òyìnbó tó ti wà nínú ara. Tí ẹ bá ti mu ún, ẹ sọ fún dókítà. Ti omi gbígbóná tí wọ́n fi ń bo ọmọ lórí nínú aṣọ ìbora, mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Ọmọ tí omi yẹn dà sí lára ti ní ìṣòro tó ju flu lọ.

Ìgbà wo ló yẹ ká gbéra? Ẹni tó bá di pé èémí ń há a, tó ń mí gúlegúle nígbà tó jókòó jẹ́jẹ́, tí kò lè sọ gbólóhùn kan parí kó tó mí, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí àyà ń dùn ún tí kò lọ, tí ètè rẹ̀ ń dúdú tàbí tó ń ṣe bíi búlúù, tó ń sọ kántankàntan, tó ń sùn tí kò ṣeé jí, tí gìrì mú, tí kò tọ̀ láti àárọ̀, tàbí tí kò lè dá dúró mọ́. Tí ọrùn bá gan tí kò lè tẹ̀ síwájú, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń ni ojú rẹ̀ lára, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè jẹ́ àìsàn awọ ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní meningitis, kò sí sùúrù nínú ìyẹn.

Àmì kan tún wà tí àwọn èèyàn wa kì í kà sí: àìsàn tó lọ tó tún padà wá. Wo àgbẹ̀ kan ní ìgbà ìkójọ kajú. Flu mú un ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ara ti rọlẹ̀, ó jẹun, ó gba oko lọ torí kajú ń jábọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, ara tún gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ikọ́ ti di kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó pọ́n bí ìpẹtà, ẹ̀gbẹ́ kan ń gún un tó bá mí. Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Flu ẹ ò tí ì lọ tán, ẹ dùbúlẹ̀." Rárá o. Bakitéríà ló ti bá ẹ̀dọ̀fóró tí flu ti dá lágara, òtútù àyà nìyẹn. Oògùn apabakitéríà tí kò wúlò ní ọjọ́ Ajé ti wá di ohun tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, dókítà ló sì máa mọ èyí tó yẹ àti iye ọjọ́. Ẹni tó ti lo ìdajì rẹ̀ lásán ní ọjọ́ Ajé lè bá bakitéríà tí kò gbọ́ oògùn náà mọ́.

Fún ọmọ kékeré, ẹ ka mímí rẹ̀. Kò gba ẹ̀rọ kankan. Ẹ dúró dìgbà tí ọmọ bá dákẹ́ ẹkún, kódà tó bá ń sùn ló dára jù. Ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè kí ikùn àti àyà hàn, ẹ gbé fóònù síwájú, ẹ máa ka bí ikùn ṣe ń wú fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ka ààbọ̀ ìṣẹ́jú kí ẹ sọ ọ́ di méjì, torí mímí ọmọdé kì í lọ geere. Ọmọ tí kò tí ì pé oṣù méjì, 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti yá jù. Ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá, 50. Ọmọ ọdún kan sí márùn-ún, 40. Bí ẹ ti ń wò ó, ẹ wo abẹ́ ìhà rẹ̀ pẹ̀lú: tí ibẹ̀ bá ń kó wọnú bó ti ń mí, tí imú ń fẹ̀ lọ fẹ̀ bọ̀, ẹ má kà mọ́, ẹ gbéra. Ọmọ tí kò lè mu ọmú, tó ń bì gbogbo ohun tó bá mu, tó ń sunkún tí omijé kò jáde, tí nápì rẹ̀ gbẹ fún wákàtí mẹ́jọ, tí gìrì mú, tàbí tí kò dá ìyá rẹ̀ lóhùn mọ́, ọ̀nà ọsibítù kan náà ni. Ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ gbóná, a kì í dúró wo àmì kankan. Ara gbígbóná yẹn fúnra rẹ̀ ni àmì.

Àwọn kan wà tí a kì í ní kí wọ́n dúró dìgbà tó bá le. Aláboyún wà níbẹ̀, títí kan ẹni tó bímọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún, pàápàá ọlọ́dún méjì sísàlẹ̀. Ẹni tó ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin. Ẹni tó ní ásímà, àtọ̀gbẹ, àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín, ẹni tó ń lo oògùn HIV, ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Kí àwọn wọ̀nyí lọ rí dókítà láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Oògùn kan wà tó ń bá fáírọ́ọ̀sì flu fúnra rẹ̀ jà, oseltamivir ni wọ́n ń pè é, àárín ọjọ́ méjì yẹn ló sì ń wúlò jù. Kò pọ̀ níta, dókítà ló ń kọ ọ́.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára flu wà, ọdọọdún ni wọ́n ń gbà á, ṣùgbọ́n kò sí lára èyí tí ìjọba ń fún ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ wa. Èyí tó wà lára rẹ̀ ni àjẹsára òtútù àyà, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá lẹ́yìn ìbí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ pàdánù ìyẹn. Ikọ́ tó bá sì kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, flu tàbí kì í ṣe flu, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Ẹni tó ń gbé inú Kàbbà tàbí tó sún mọ́ ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ lè rò ó kó tún un rò. Ẹni tó wà ní abà kan ní Búnú, tí ọ̀nà rẹ̀ ń di ẹrẹ̀ nígbà òjò, kò ní irú àyè yẹn. Kó fi ojú ọ̀sán gbéra nígbà tí àmì kan ṣoṣo bá yọ, kó má dúró de méjì. Ilé ìlera tó sún mọ́ ọn jù ni kó kọ́kọ́ yà sí, wọ́n lè fún ọmọ ní oògùn àkọ́kọ́ níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìwé fún un lọ sí Kàbbà tàbí Lọ́kọ́ja. Ọ̀kadà kọ́ ni wọ́n fi ń gbé ẹni tí èémí há o, tí ọkọ̀ bá wà. Ẹ gbé e jókòó, ẹ fi nǹkan tì í lẹ́yìn, ẹ má tẹ́ ẹ gbalaja.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ má kàn ní "ibà ló ń ṣe é." Ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ó dé lójijì tàbí díẹ̀díẹ̀, ìgbà tó tọ̀ kẹ́yìn, iye ìgbà tí ẹ kà á pé ó mí ní ìṣẹ́jú kan, ẹni mìíràn tó ń ṣàìsàn nínú ilé, àti ibi tó ti rìnrìn àjò dé. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn tó ti lò dání, pẹ̀lú bébà funfun tó bá ṣẹ́kù àti ìgò àgbo náà.